Ṣé kí n fi ẹja sílẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí onímọ̀ oúnjẹ. Ẹja ni mò ń tà ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹni ọdún 54 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì fún mi ní metformin, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò láìtíì jẹun, 168 ni wọ́n bá. Ìyàwó ọmọ mi wá fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní ẹni tó bá jáwọ́ nínú ẹran, ẹja àti ẹyin, tó bá ń jẹ kìkì nǹkan oko, àìsàn náà á lọ láàárín ogójì ọjọ́, kò ní nílò oògùn mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mi ò ti fẹnu kan ẹja. Gààrí àti ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé kí n da oògùn nù? Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní a lè jẹ yó ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́, kí ni wọ́n á ṣe tí kò fi ní mú wọn? Àgbálùmọ̀ náà sì ti dé, ṣé mo lè lá a? — Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o. Ara á le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò ṣe é fi falẹ̀. Ẹ má da oògùn yín nù. Kí ẹ sì padà sídìí ẹja yín. Òótọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin inú fídíò yẹn, irọ́ ńlá ló wá pò mọ́ ọn. Òótọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣà jáde fún yín, torí ó wúlò gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹ jù ú nù nígbà tí irọ́ ibẹ̀ bá já.

Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀pà, èso àti ọkà tí a kò bó láwọ̀ jù, kì í tètè ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà yìí kan náà, tó ẹni tí ẹran pọ̀ lórí àwo rẹ̀. Àwọn olùwádìí wo àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n lé ní 60,000. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé nínú àwọn tó ń jẹ ẹran, ìdá 7.6 nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ. Nínú àwọn tí kì í fẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà, ìdá 2.9 péré ni. Ìjọ kan náà ni gbogbo wọn, ìjọ tó kọ ọtí àti sìgá fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ìyàtọ̀ yẹn ru ọtí àti sìgá.

Ti àwọn tó ti ní àìsàn náà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ní 2006, Dókítà Neal Barnard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 99 tó ní àtọ̀gbẹ jọ. Wọ́n fi àwọn kan sórí oúnjẹ oko nìkan tí epo rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n fi àwọn yòókù sórí oúnjẹ tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ilẹ̀ náà ń là sílẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 22, nínú àwọn tó jẹ oúnjẹ oko, 43 nínú 100 ló dín oògùn wọn kù. Nínú àwọn kejì, 26 nínú 100 ni. Ẹ kíyè sí i pé “dín kù” ni mo wí, mi ò wí pé wọ́n dà á nù.

Ibi tí ọkùnrin yẹn ti ṣì yín lọ́nà nìyí: ó ní “nǹkan oko”, ẹ̀yin náà wá lọ mú gààrí. Mi ò bá yín wí. Ẹ̀gẹ́ ha kọ́ ni? Oko ló ti wá, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti rin ín tán, tí a fún un gbẹ, tí a kù ú, tí a yan án, ohun tó kù nínú 100 gíráàmù gààrí, ó lé ní 80 gíráàmù tó jẹ́ afáralókun, èyí tí ara ń sọ di ṣúgà kíákíá. Búrẹ́dì funfun náà, oko ló ti wá. Pọ́fùpọ́fù, oko ni. Mínírà inú ìgò, ìrèké ló bí i.

Àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ Harvard ti wo ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n tọ ipasẹ̀ òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 200,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Ewu àtọ̀gbẹ àwọn tí oúnjẹ oko tiwọn jẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀pà àti ọkà tí a kò bó láwọ̀ jù kéré ní ìdá 34 nínú 100. Àwọn tí oúnjẹ oko tiwọn jẹ́ ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ohun dídùn àti mínírà, ewu tiwọn ṣe ni ó tún ga sí i ní ìdá 16. Oúnjẹ oko ni àwọn méjèèjì ń jẹ o. Nítorí náà, ká ní ẹ fi ẹja sílẹ̀ tí ẹ wá fi gààrí dí àyè rẹ̀, ẹ̀yìn lẹ rìn sí.

Ẹ wo etí ọ̀sà ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ ẹja bá gúnlẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹja tí ọkọ̀ gbé dé, ínsúlíìnì ni alábàárù tó ń rù ú lọ sínú ilé ìtọ́jú, ìyẹn inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara. Bí ọkọ̀ bá ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, alábàárù á ká a. Bí ogún ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja á kún etí omi, á máa bàjẹ́ nílẹ̀. Abọ́ gààrí ni ogún ọkọ̀. Ẹ̀wà ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí fáíbà inú rẹ̀, ìyẹn apá oúnjẹ oko tí ikùn kò lè lọ̀, kì í jẹ́ kó tètè lọ̀ tán. Ohun kejì ni ọ̀rá. Ọ̀rá tó bá ti kó sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara ń dí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú yẹn. Alábàárù wà, ẹrù wà, ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìbàdí àti ikùn rẹ̀ bá fọn, tó jẹun oko gidi, tó sì ń já kílò sílẹ̀, fi máa ń rí i kí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú ọjọ́ yín. Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń jẹun, ṣùgbọ́n mo mọ bí àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń wá bá mi ṣe ń jẹ ẹ́. Ìdájí ni wọ́n kúrò nílé, láìfẹnu kan nǹkan. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, búrẹ́dì àti mínírà, tàbí ẹ̀kọ àti àkàrà. Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, gààrí Ìjẹ̀bú sínú omi tútù, ṣúgà onígun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀pà, àti ẹja díndín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alẹ́, ẹ̀bà tó kún àwo, ọbẹ̀ lórí rẹ̀ bí ìdọ̀tí ojú. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹja díndín yẹn ni ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ẹ̀.

Gààrí mímu ọ̀sán yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ se ẹ̀wà olóyin láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ da omi yẹn nù kí inú má baà máa fẹ́ yín, kí ẹ tó gbé e kaná. Ata, àlùbọ́sà, irú, edé díẹ̀, epo pupa ṣíbí ìjẹun kan fún ìkòkò kékeré. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ já ṣọkọ tàbí gbúre sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ bù ú sínú kúlà, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀wà sísè tó 100 gíráàmù ní bíi 20 gíráàmù afáralókun, 6 gíráàmù fáíbà àti nǹkan bí 8 gíráàmù amúaradàgbà. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀wà ti gun òkè àjà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó búrẹ́dì, mínírà, ṣúgà àti gààrí pọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìn síra.

Mọ́ínmọ́ín dára, àkàrà náà kò burú bí epo rẹ̀ kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n èèpo tí a ń bó dànù lára ẹ̀wà ni fáíbà pọ̀ sí jù. Ohun kan náà ni a ń ṣe fún ògì: a sẹ́ ẹ, a da èèrí fún adìyẹ àti ewúrẹ́, a wá mu èyí tó tẹ́jú. Mo máa ń rò ó pé àwọn ẹran ọ̀sìn wa ló ń jẹ ibi tó dára jù nínú oúnjẹ wa. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ̀kọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan, kí mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà tó tẹ̀lé e tóbi jù ú lọ.

Ní alẹ́, ẹ mú àwo pẹrẹsẹ. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ebòlò, ewúro, èyí tí ẹ bá rí. Ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ẹ̀wà tàbí ẹja. Ìdá kan tó kù ni òkèlè, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkèlè. Ṣúgà kì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀ bí òkèlè bá gbẹ̀yìn. Yíyọ̀ tó wà lára ilá àti ewédú pàápàá, fáíbà ni, ó ń fà á kí ṣúgà má sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń ba ẹ̀fọ́ wa jẹ́ ni epo. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú tó máa ń dì, tí kò dára fún ọkàn, ẹni tó sì ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí mò ń wí.

Ìkọ̀kọrẹ́ ńkọ́? Mi ò ní sọ fún ará Ẹ̀pẹ́ pé kó má jẹ ìkọ̀kọrẹ́. Ewùrà ni, afáralókun ni, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀n kí ẹ sì jẹ́ kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí ni ẹ̀bà tútù tí a ń fi tì í lẹ́yìn. Òkèlè lórí òkèlè nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀bà tó bá ti tutù kì í gbé ṣúgà sókè, ó ní ibi tó ti wá: afáralókun tí a sè tó wá tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di irú tí ikùn kò lè lọ̀ mọ́. Díẹ̀ ni mo wí o. Kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gé òkèlè méjì sí i.

Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídú dára ju ẹ̀bà lọ díẹ̀, èmi náà ń gbà á nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ jẹ ẹ́ yó kò ṣe yín lóore. Bí ẹ bá jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìlọ́po méjì ẹ̀bà, ṣúgà á ga ju ti ẹ̀bà lọ. Ohun kan náà ni mo fẹ́ sọ nípa òkèlè àlìkámà tí gbogbo ilé ń rà kiri. Ìkúùkù kan náà ni ìwọ̀n rẹ̀.

Wàyí o, ẹja. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ padà sídìí rẹ̀ kì í ṣe tìtorí pé òun lẹ̀ ń tà. Fítámì kan wà tí wọ́n ń pè ní B12. Ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà ni Ọlọ́run fi í sí. Kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Metformin tí ẹ ń lò, bó bá ti pẹ́ lára, kì í jẹ́ kí ara gba fítámì yìí dáadáa. Ẹni tó bá ń lo metformin tó tún kọ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sílẹ̀, ọ̀nà méjì ló fi ń pàdánù rẹ̀. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ẹsẹ̀ á máa kú, á máa ṣe é bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un látẹ́lẹsẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà fúnra rẹ̀ náà máa ń ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n á rò pé àìsàn náà ló ń le sí i, kò sì sẹ́ni tó máa rántí B12. Èyí ni ohun tí ọkùnrin inú fídíò kò sọ. Ẹni tó bá ti pinnu tọkàntọkàn pé òun ò ní jẹ ẹlẹ́mìí mọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn B12, kì í ṣe ohun tó bá wù ú ni.

Lójú tèmi, ẹran màlúù, ọ̀rá ẹran àti sọ́séèjì ni kí ẹ jọ̀wọ́. Ìwádìí pọ̀ tó so ẹran pupa àti ẹran alágolo mọ́ àtọ̀gbẹ. Àrọ̀, èpìyà, ṣawa, obòkún tó wà lórí àtẹ yín níbẹ̀, ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ má fi gbogbo ìgbà dín in. Ẹyọ kan tó mọ níwọ̀n lójúmọ́ tó yín. Kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ru ìyókù.

Ní ti oògùn, 168 mg/dL kí ẹ tó jẹun ga ju ohun tó yẹ lọ. Ẹni tí kò ní àìsàn náà, kì í tó 100 láìjẹun; 100 sí 125 ni ìkìlọ̀; láti 126 ni àtọ̀gbẹ (bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi wò ó bá ń kọ mmol/L, 7.0 ni 126). Nítorí náà ẹ lọ bá dókítà yín pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó fi kún oògùn ná, kó wá dín in kù nígbà tí oúnjẹ bá ti ń ṣiṣẹ́. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ka èsì yìí tó ń lo glibenclamide, glimepiride tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ẹ̀yin, ẹ má ṣe gé òkèlè yín kù lójijì láìsọ fún dókítà. Bí òógùn tútù bá bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ebi òjijì gbé yín, tí ojú ń ṣú, ẹ yẹ ṣúgà wò. Bó bá wà lábẹ́ 70, tàbí tí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ mu mínírà aláṣúgà ìdajì ife kíákíá, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń gba mínírà nímọ̀ràn nìyẹn.

Ṣé ó lè lọ pátápátá? Ó lè fara pamọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ nìyẹn. Ní Bìrìtìkó, ìwádìí tí wọ́n pè ní DiRECT, èyí tí èsì ọdún kìíní rẹ̀ jáde ní 2017, gba àwọn tí àìsàn náà kò tíì lò ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn, tí wọn ò sì lo ínsúlíìnì. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ olómi tí agbára rẹ̀ kéré gan-an fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú 100 ni ṣúgà wọn ti wálẹ̀ láìlo oògùn. Nínú àwọn tó já kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, 86 nínú 100 ni. Kílò ló ṣe é, abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n sì wà. Bí kílò bá padà, àìsàn náà ń padà. Ogójì ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ń pariwo kò tiẹ̀ tó láti mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà, torí àyẹ̀wò tó ń sọ òótọ́, HbA1c, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ló ń kà sẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é fún yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 àti kíndìnrín wò pẹ̀lú, torí bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, àwọn ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kan wà tí a máa ń dín kù, ìmọ̀ràn tí mo ń fún yín yìí á sì yí padà.

Àgbo àti omi ewúro: ẹ jẹ ewúro nínú ọbẹ̀. Ìyókù, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó gbé e mu.

Àwọn ọmọ yín wà nínú ewu ju ọmọ ẹlòmíràn lọ, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n apá ká a. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn tí ṣúgà wọn ti ga díẹ̀, tí kò tíì di àìsàn. Àwọn tó ṣọ́ ẹnu, tó já nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, tó sì ń rìn dáadáa tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Àwọn tó gbé metformin mì dípò ìyẹn, ìdá 31 ni. Fún ọmọ yín tó bá wọn kílò 90, kílò mẹ́fà sí méje la ń sọ, kì í ṣe kó di ọ̀pá. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba mínírà kúrò nínú ilé, torí ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí tíì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá ti pé ọdún 35 nínú wọn lọ yẹ ṣúgà wò lọ́dọọdún. Ìyàwó ọmọ yín náà pẹ̀lú. Ó fẹ́ràn yín, ẹ má bá a jà nítorí fídíò.

Àgbálùmọ̀? Ẹ lá a. Méjì sí mẹ́ta tó mọ níwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, láàárín oúnjẹ méjì, kì í ṣe lórí ẹ̀bà. Ọsàn náà, ẹ jẹ ẹ́ tìfọ́n-tìfọ́n dípò kí ẹ fún omi rẹ̀ mu, torí ìfọ́n yẹn ni fáíbà. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀là kan. Góbà, ẹ jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo.